Níbo Ni Oòrùn Wà Nínú Fọ́tò Ọkọ̀ Yín?

Gbogbo wa la mọ fọ́tò yẹn. Ọkọ̀ pupa kan dúró lójú títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ojú ọ̀run ti di àwọ̀ àlùkò, iná iwájú ọkọ̀ ń tàn wàà, ẹni tó yà á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé inú géèmù lòun ti yà á. Tí ẹ bá wo status àwọn ọmọ kíláàsì wa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí bíi mẹ́wàá irú rẹ̀. Ẹni tó rí ọ̀kan ti rí gbogbo rẹ̀ tán. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí àwa náà wà lára wọn.

Ní sáà tó kọjá, a tẹ mẹ́wàá nínú tiwa jáde sórí bébà. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ya pásípọ́ọ̀tù ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá onífọ́tò kan ní Mushin. Bàbá ní ká jẹ́ kí àwọn rí ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọkọ̀ yín dáa o. Ṣùgbọ́n níbo ni oòrùn wà?" A rẹ́rìn-ín. A ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, inú géèmù ni, kò sí oòrùn níbẹ̀." Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka kan òjìji tó wà lábẹ́ táyà, wọ́n ní, "Kí ló wá mú òjìji yìí wá?"

Láti ọjọ́ náà la ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa. Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí: fọ́tò wa kò burú torí pé ẹ̀rọ tí a fi ń ta géèmù ti gbó, kò sì burú torí pé a kò rí filter tó dáa lò. Ó burú torí pé a kì í wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ ká tó tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó dùn wá jù ni pé ilé ẹ̀kọ́ fọ́tò tí owó rẹ̀ kò ga jù fún ọmọ Mainland tí kò ní kámẹ́rà ló wà níwájú wa yìí, a sì ń fi ṣòfò.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ya fọ́tò nínú géèmù ọkọ̀ sísá. Gran Turismo 4, tó jáde ní Japan ní oṣù December 2004, ti ní ibi tí èèyàn ti lè to ọkọ̀ kalẹ̀ kó sì yà á. Nígbà tí Gran Turismo Sport dé ní 2017, wọ́n gbé Scapes wọ inú rẹ̀, ó sì tún wà nínú Gran Turismo 7 ti 2022. Fọ́tò ibi gidi láyé ni wọ́n kó síbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló máa bà lé e lára. Ẹ kò lè ti oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ lẹ máa yí. Bó ṣe rí ní òpópónà Surulere náà nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ara ọkọ̀ dàbí dígí. Ohun tó yí i ká ló máa ń hàn lára rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn á dúró sórí òrùlé ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ á funfun gbòò, táyà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn á ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, gbogbo ojú ọ̀run ló di ìmọ́lẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lára ọkọ̀ á sì jáde kedere láìsí filter kankan. Ní Èkó, ìmọ́lẹ̀ yìí kì í pẹ́: bíi ìṣẹ́jú 20 péré, ilẹ̀ ti ṣú. Nínú Forza Horizon 5, tó jáde ní oṣù November 2021 tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Mẹ́síkò, oòrùn ń yọ, ó sì ń wọ̀. Ẹ dúró dè é. Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ fẹ́ yà á dandan, ẹ yí ọkọ̀ kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà wà lẹ́yìn yín gan-an. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbẹ́ kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ní òjìji, ọkọ̀ á sì dúró bí ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ni títo àwòrán. A máa ń yà á láti ibi tí ojú wa ga dé, bí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi dọ́gba pẹ̀lú iná iwájú ọkọ̀. Ẹ má sún mọ́ ọn jù pẹ̀lú lẹ́ńsì 24mm, imú ọkọ̀ á wú bí ẹni tí oyin ta. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ lo 85mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ tó ń sáré, kó rí ibi sáré sí. Tí ẹ bá yan ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, táyà á dúró gbagidi, ọkọ̀ á dà bí èyí tí wọ́n páàkì. Ẹ sọ ọ́ di ìdá 60, kí ẹ máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e, táyà á yí, ilé tó wà lẹ́yìn á sì fà lọ. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ wò ó bóyá òpó iná ti hù lórí òrùlé ọkọ̀.

Àwọn àgbà wa ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní dúdú àti funfun. Kò jẹ́ kí nǹkan kan wà lẹ́yìn wọn tó máa bá irun náà du ojú. Ní Bàmákò, Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló sì fi ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ọgbà. Peugeot 203 tirẹ̀ wà lára ohun tí àwọn oníbàárà máa ń dúró tì láti yà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àṣà òyìnbó ni kí èèyàn ya ọkọ̀ kó rẹwà.

Àwọn kan nínú wa ní eré ọmọdé lèyí, kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. A gbà pé owó ilé géèmù kì í ṣe ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti ń fi fóònù rẹ̀ ya tòkunbọ̀ fún àwọn tó ń tà á, owó handout rẹ̀ ti ń tibẹ̀ jáde. Kò kọ́ ọ níbòmíràn ju inú géèmù lọ. Òun náà ló sọ fún wa ibi tí géèmù ti yàtọ̀ sí títì: ọkọ̀ inú géèmù kì í sábà ní ojú ibi tí pánẹ́bítà ti lù ú. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ lè fi ibẹ̀ pa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ẹ̀gbẹ́ á tú u síta. Ó ní òun máa ń ya méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ rà. A fara mọ́ ọn. Ọgbọ́n tí a kọ́ láti mú kí ọkọ̀ rẹwà kò gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi gba owó ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Nígbà mìíràn tí ẹ bá sanwó wákàtí kan nílé géèmù, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 50, kí ẹ fi 10 tó kù wá oòrùn. Tí ẹ bá gba Ládípọ̀ kọjá, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n gbé jókòó síta. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ wo bí eruku ṣe ń sọ oòrùn Yaba di bí iná tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí kámẹ́rà yín wà nínú àpótí láti ọjọ́ yìí, àwọn àbúrò yín wà níbí tí wọ́n lè lò ó. Ní tiwa, a ti ya mẹ́wàá mìíràn, a ń kó wọn padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní Mushin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.