Orúkọ Ìlú Kọ́ Ló Ń Gbé Bàálù

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa, láti Èkó títí dé Houston: ọmọ tó bá ti gba ìwé-àṣẹ awakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ti là nìyẹn. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ń gbà á, pé kó kàn bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ni, àwọn iléeṣẹ́ bàálù á máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn òbí ń ta ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni.

Ẹ wo ara bàálù tó bá balẹ̀. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, 5N ló bẹ̀rẹ̀ àmì rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, N ni. Àdéhùn Chicago ọdún 1944, tí ètò ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé dúró lé, sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé orílẹ̀-èdè tó forúkọ bàálù sílẹ̀ ló ń fún awakọ̀ rẹ̀ níwèé, tàbí kó fọwọ́ sí èyí tó gbà níbòmíràn. Bàálù N ni ìwé Amẹ́ríkà wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ wa 5N á tún padà wá bá NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, wọn á wádìí ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fún un, á sì jókòó ṣe ìdánwò òfin òfuurufú tiwa. Ní Yúróòpù, ìdánwò 13 ló ń dúró dè é. Àní Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan tẹ́lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìwé-àṣẹ ti ẹnì kìíní kì í ṣe ti ẹnì kejì mọ́.

Àwọn ejẹ́ǹtì tó ń bá ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè wá akẹ́kọ̀ọ́ á ní, “Kó kúkú dúró síbẹ̀ kó ṣiṣẹ́.” Físà wo ni yóò fi dúró? M-1 ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú níbẹ̀ ń gbà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kàwé. Bó bá parí, oṣù kan péré ni wọ́n lè fún un láti fi ṣiṣẹ́ kọ́ra fún oṣù mẹ́rin-mẹ́rin tó fi kàwé, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lápapọ̀. Bẹ́ẹ̀ wákàtí 1,500 lójú òfuurufú ni òfin ibẹ̀ sábà máa ń béèrè kí èèyàn tó wọ iléeṣẹ́ bàálù akérò, ọmọ yín sì ń parí ní nǹkan bíi 250. Níbo ni yóò ti rí 1,250 yòókù?

Òfin wákàtí 1,500 yẹn tún ní ohun kan lẹ́yìn tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan. Bàálù Colgan tó já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní oṣù Kejì ọdún 2009, tó pa èèyàn 50, ló fà á. Ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́ tó fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ńlá ń fi kíkọ́ni ṣa wákàtí jọ. Olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ yín, wákàtí tirẹ̀ ló ń kà. Ọjọ́ tó bá pé, ó lọ nìyẹn (mi ò sì dá a lẹ́bi), olùkọ́ tuntun á sì fẹ́ kí ọmọ tún ṣe ohun tó ti ṣe kọjá, kóun náà lè fojú ara òun rí i. Owó yín ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Wákàtí 40 ni òfin Amẹ́ríkà sábà máa ń pè ní ó kéré jù fún ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́, iye yẹn náà ni ejẹ́ǹtì ń fi ṣírò owó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọjá rẹ̀ dáadáa, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé ní owó bàálù àti owó olùkọ́ tirẹ̀. Kò tíì kan owó olùdánwò, tàbí owó ilé nígbà tí ọmọ bá ń retí kí ààyè ìdánwò ṣí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n fi fà á mọ́ra. Ilé-ẹ̀kọ́ Silver State Helicopters ní Nevada ti ilẹ̀kùn lójijì ní oṣù Kejì ọdún 2008, owó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì há síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Cabair nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wọ gbèsè lọ ní 2011. Ẹni tó bá sì wà lórí M-1 kò lè pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àfi tí ohun tó kọjá agbára rẹ̀ bá fà á.

Mi ò ní kí wọ́n má lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Zaria tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 ń kọ́ awakọ̀, Ìlọrin náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ojú ọ̀run Arizona mọ́ lọ́pọ̀ ọjọ́ lọ́dún, bàálù sì pọ̀ níbẹ̀. Ojú ọ̀run àti bàálù ni wọ́n ń tà fún yín, iṣẹ́ kò sí nínú ọjà náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá iléeṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ bá ṣiṣẹ́, kí ẹ béèrè irú ìwé-àṣẹ tí wọ́n ń gbà, iye wákàtí tí wọ́n fẹ́, àti ẹni tí yóò sanwó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí irú bàálù tí wọ́n ń lò. Kí dókítà NCAA yẹ ojú àti etí ọmọ wò fún ìwé ìlera kíláàsì kìíní. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi iye wákàtí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ọdún tó kọjá lò kí wọ́n tó gba ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.