Ẹrù Tí A Sọ̀ Kalẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹrù Tí A Dà Nù: Lórí Yíyọ RSS Kúrò Nínú Àkójọ Ìpìlẹ̀ Ruby

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí ní ìhà Ogun Waterside, tí Abigi jẹ́ olú ìlú rẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹrù àpọ̀jù kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Nígbà mìíràn, dandan ni kí a dín ẹrù kù. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í da ẹrù èrò sómi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó ni ín. Ojú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi bá mi wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Ruby.

Yukihiro Matsumoto, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, ni ó dá Ruby sílẹ̀, ó sì fi í lé aráyé lọ́wọ́ ní 1995. Bí káfíńtà ṣe ní àpótí irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èdè kọ̀ǹpútà ní àkójọ ìpìlẹ̀: àwọn irinṣẹ́ tí ó máa ń bá èdè náà wá, tí ẹnikẹ́ni lè mú lò láìtọrọ. RSS wà nínú àkójọ ti Ruby fún ọdún púpọ̀. Kí ni RSS ń ṣe? Òun ni ọ̀nà tí ojúewé kan ń gbà ké sí ẹ̀rọ wa pé àkọsílẹ̀ tuntun ti dé, kí a má baà máa lọ yọjú wò ó lójoojúmọ́. 1999 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Netscape. Òkìkí rẹ̀ dínkù nígbà tí Google ti Google Reader pa ní oṣù Keje 2013, ṣùgbọ́n kò kú: òun ni ó ṣì ń gbé pọ́díkáásìtì dé etí àwọn olùgbọ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2020, Ruby ẹ̀dà 3.0 jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ RSS kúrò nínú àkójọ ìpìlẹ̀, pẹ̀lú REXML tí RSS fi ń ka àkọsílẹ̀. Wọ́n sọ àwọn méjèèjì di irinṣẹ́ tí ó dá dúró, èyí tí àwọn oní-Ruby ń pè ní gem.

Mo fara mọ́ ìpinnu yìí. Ọdọọdún ni ẹ̀dà ńlá Ruby máa ń jáde. Bí àléébù bá wà lára irinṣẹ́ tí a so mọ́ èdè náà ṣinṣin, àtúnṣe rẹ̀ yóò máa dúró de àtúnṣe èdè fúnra rẹ̀. Ní 2024, a rí àléébù ààbò bíi mélòó kan lára REXML. Nítorí pé ó ti dá dúró, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ lè gbé àtúnṣe jáde kíákíá, kí oníṣẹ́ sì mú un lò láìpààrọ̀ gbogbo Ruby.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí a gbà yọ nǹkan ṣe pàtàkì ju yíyọ náà lọ. Lóòótọ́, RSS ti kúrò nínú àkójọ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá Ruby wá nínú ẹrù kan náà. WEBrick, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé ojúewé kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹni, kò rí bẹ́ẹ̀: nínú ẹ̀dà 3.0 kan náà, wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ mú un lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abigi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ago-Iwoye fi Ruby ránṣẹ́ sí nínú fláàṣì. Kò ní dátà. RSS yóò ṣiṣẹ́ fún un. WEBrick kò ní ṣiṣẹ́. Lójú ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn bí omi nílé rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Lójú akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ògiri ni.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ wa. Nínú àtúnṣe tí NERDC ṣe ní 2007, iṣẹ́ Ìtàn kò dá dúró mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà kékeré. Inú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní láti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí yóò kọ́ ọ. Ohun tí a bá yọ láìfi olùtọ́jú tì í máa ń gbówó lérí kí ó tó padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ẹ̀dà èdè àti ọdún sí orí ìwé ìkọ́ni yín. Ìwé àtijọ́ yóò sọ pé kí ọmọ kàn pe RSS, kí ó sì máa lò ó. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà 3.0, bí iṣẹ́ náà bá ń lo Bundler, àyàfi kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú Gemfile kí ó tó dáhùn. Ọmọ tí kò mọ èyí yóò rò pé òun ni òpè, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó ti gbó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka àpótí irinṣẹ́ sí ohun tí ó bọ́ láti ọ̀run. Ènìyàn ni ó kó irinṣẹ́ sínú rẹ̀, ènìyàn náà ni ó ń yọ ọ́. Ẹ kọ́ iṣẹ́ náà débi tí ẹ̀yin náà yóò fi lè bá wọn jókòó ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ń pinnu ẹrù tí yóò kúrò nínú ọkọ̀.