Ọ̀rọ̀ Tí Ó Dé Ibi Tí A Rán An

Bí ọmọdé bá dàgbà tó, àwa Yorùbá a ní ó ti bàlágà. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Inú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti mú orúkọ ìmọ̀ tí a ń pè ní Balagha, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu jáde tí ó sì dé ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Ẹ má ṣe rò pé ti àwọn áfáà nìkan ni. Gbogbo ẹni tí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni ó kàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ pín in sí. Èkínní ni Maani, bí a ti í mú ọ̀rọ̀ bá ipò olùgbọ́ mu. Èkejì ni Bayani, ti àfiwé, bí ìgbà tí a pe akọni ní kìnnìún. Ẹ̀kẹta ni Badii, ti ẹwà ọ̀rọ̀. Al-Jurjani, tí ó kú ní 1078, ni ó fi ìpìlẹ̀ tí ó lágbára lélẹ̀; al-Sakkaki, tí ó kú ní 1229, tò ó lẹ́sẹẹsẹ; al-Qazwini, tí ó kú ní 1338, sì ké e kúrú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Maani ni a ó mú lónìí. Al-Jurjani ròyìn pé al-Kindi, ọlọ́gbọ́n ńlá ará Bagdad, lọ bá onímọ̀ èdè kan, Abu al-Abbas, ó ní àwọn Lárúbáwá ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò: wọn a sọ ohun kan ṣoṣo lọ́nà mẹ́ta, èkínní láìsí ìtẹnumọ́, èkejì pẹ̀lú ẹyọ kan, ẹ̀kẹta pẹ̀lú méjì. Abu al-Abbas dá a lóhùn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkínní wà fún ẹni tí a kàn ń ròyìn fún, èkejì fún ẹni tí ń béèrè, ẹ̀kẹta fún ẹni tí ó ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ara wa wò ó. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan, "Bàbá ti dé" ti tó o. Èyí tí ń ṣiyèméjì, "Bàbá mà ti dé." Èyí tí ó bá kọ̀ jálẹ̀, "Àní mo fi Ọlọ́run búra, Bàbá ti dé!"

Ẹ wá wo oníṣòwò tí a béèrè iye ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ti ń búra kí ẹnikẹ́ni tó jiyàn. Ìbúra náà gan-an ni ó gbé iyèméjì wọ inú oníbàárà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é ní òpùrọ́ nítòótọ́, ọ̀rọ̀ wo ni ó kù tí yóò sọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi èké kàn, tí ó ń fèsì jẹ́jẹ́ bí ẹni tí a béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn lè rò pé ó jẹ̀bi.

Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ẹni yìí kò mọ̀ ni, àbí ó ń ṣiyèméjì, àbí ó ń jiyàn? Ẹ dán an wò nínú ilé yín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí a ó mú Bayani.