Irọ́ Kò Lè Gbé Ìṣẹ̀ṣe Ga

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe ẹgbẹ́ mi, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n odindi ni mo fẹ́ sọ láti Ìdànrè lónìí. Nígbàkúùgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá kéde ìwádìí nípa ojú ọ̀run, àwọn kan nínú wa a máa pariwo pé, "Ifá ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀!" Bí a bá ní kí wọ́n ki ẹsẹ̀ náà, wọn a dákẹ́. Ẹni tí ó bá purọ́ mọ́ Ifá, Ifá ni ó ń tàbùkù.

Ní ọdún 2001, Gonzalez, Brownlee àti Ward kọ̀wé pé kì í ṣe ibi gbogbo nínú agbo ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa wà ni ohun abẹ̀mí lè gbé. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ìràwọ̀ pọ̀ jù. Èyí tí ó bá bú gbàmù lè pa ohun ẹlẹ́mìí. Ní etí rẹ̀ lọ́hùn-ún, irin àti èròjà àpáta kò tó. Àárín méjèèjì ni oòrùn wa wà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń bá wọn jiyàn lórí ààlà náà, ojú kò sì tì wọ́n.

Ìràwọ̀ tí ń bú náà ni ó ń tú irin sí òfurufú: irin àdá wa, irin inú ẹ̀jẹ̀ wa. Ohun tí ń pani ni ó tún ń lani. Èmi tí mo ń bọ Ògún kò lè ṣàìrántí Ògún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe ẹ̀rí. N kò ní sọ pé àwọn baba wa wọn ọ̀nà ìràwọ̀.

Èyí tí wọ́n mọ̀ dájú, ẹ gun àtẹ̀gùn 682 lọ wò ó lórí Òkè Ìdànrè. Wọ́n yan ibi tí ogun kò lè tètè dé, tí omi sì wà. Nígbà tí ayé yí padà, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní 1923. Ìmọ̀ ibùgbé nìyẹn. Kò nílò irọ́.

Àwa ńkọ́? Wọ́n ń gé igbó ọba Ìdànrè lulẹ̀, àwa ń jiyàn ìràwọ̀. Bí ibi tí ó gba ẹ̀mí bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run, kí ni ká ti pe ẹni tí ó bọ òrìṣà lówùúrọ̀, tí ó sì ta gẹdú igbó náà nírọ̀lẹ́? Ẹ jẹ́ kí á dáàbò bo ilẹ̀ tí a ń bọ.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà.