Àìríṣẹ́ṣe já wálẹ̀ lójijì: Ṣé iṣẹ́ ló pọ̀ sí i ni, àbí ìṣirò ló yí padà?

Ọ̀rọ̀ iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe nílẹ̀ Nàìjíríà ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́, tí wọ́n sì ń mi orí. Ní ìparí ọdún 2020, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìṣirò, ìyẹn NBS, sọ pé nínú 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá a, ó lé ní 33 tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àjọ kan náà gbé ìwé mìíràn jáde. Wọ́n ní láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, àwọn tí kò ríṣẹ́ kò ju bíi mẹ́rin lọ nínú 100. Oṣù Kẹjọ yẹn gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ apoògùn GSK kéde pé àwọn ń palẹ̀ ẹrù àwọn mọ́ ní Nàìjíríà.

Kàyééfì ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàápàá kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwé náà yóò rí i pé kì í ṣe irọ́ ni àjọ NBS pa. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀.

Lábẹ́ òṣùwọ̀n àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣe tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Lábẹ́ ti tuntun, tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wọn dá sí, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàrin ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ ni. Ìyá tó din àkàrà ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, òṣìṣẹ́ ni. Ọmọ tó gboyè jáde ní yunifásítì, tó ń fi ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé èrò lọ́jọ́ ọjà nìkan, òṣìṣẹ́ ni òun náà. Òfin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò láti ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ìgbèríko ló yẹ kí àgbẹ̀ tẹ́tí sí. Láti ọdún 2013 ni àjọ àgbáyé náà ti ya àgbẹ̀ àrojẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ owó, òun náà sì ni Nàìjíríà ń tẹ̀lé báyìí. Bàbá tó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tó jẹ́ pé ilé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ, tí kò sì wá iṣẹ́ mìíràn, wọn kò kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá fi díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ yẹn yan gàrí tà lọ́jà, òṣìṣẹ́ ni ìyàwó. Ọkùnrin náà á ti fi ọkọ́ já ewé láti ìdájí!

Bí wọ́n ti yọ àwọn kan kúrò náà ni wọ́n tún fi àwọn mìíràn kún un. Nígbà kan, ẹni tó bá ti lé ní ọdún 64 kò sí nínú ìṣirò mọ́. Ní báyìí, láti ọmọ ọdún 15 ni, kò sì sí òpin. Ní ìparí ọdún 2020, bíi 57 nínú 100 àwọn tó ti tó iṣẹ́ ṣe ni wọ́n ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́. Láàárín ọdún 2024, ó ti di 79.5. Kò sí orílẹ̀-èdè tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí láàrin ọdún mẹ́rin bí kò bá ṣe pé òṣùwọ̀n ló yí padà.

Àwọn àyípadà gidi kì í yára bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rántí pé oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ tí ì bá máa bá bàbá wọn já kòkó gba ilé ìwé lọ, ìrètí òbí sì ni pé iṣẹ́ olówó oṣù ló ń dúró dè wọ́n. Owó epo rọ̀bì jẹ́ kí ìrètí náà ṣẹ fún ọ̀pọ̀ wọn láyé ọdún 1970. Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé lọ́dún 1986. Iye tí wọ́n ń ra kòkó gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, gbígba ẹni tuntun sì dáwọ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba. Láti ìgbà náà ni ìwé ẹ̀rí ti pọ̀ ju àga ọ́fíìsì lọ.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 67 nínú 100 àgbàlagbà ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń wá a lọ́dún 2000, torí pé àwọn obìnrin ti ya wọ ẹnu iṣẹ́. Lọ́dún 2024, ó ti wá sí àárín 62 àti 63, ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó sì fà á ni pé àwọn tó dàgbà ń fẹ̀yìntì. Owó ìjọba ń bá ọ̀pọ̀ wọn nílé lóṣooṣù. Nítorí náà, bí iye òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ṣe ga ju tiwọn lọ kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn. Ẹni tí kò bá jáde níbí, kò ní jẹun.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé NBS kan náà. Láàárín ọdún 2024, 93 nínú 100 òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní ìwé àdéhùn tàbí ààbò òfin. Àwọn tí ẹlòmíràn gbà síṣẹ́ kò ju bíi 14 lọ, àwọn yòókù ló ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2014, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló wà fún ní pàtàkì. Ọdún 2019 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, nínú owó tí èèyàn bá dá, ó lè mú 40 nínú 100 bí ìnáwó bá dé, 60 yòókù á dúró de ọjọ́ ogbó. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò tó nǹkan lára ogunlọ́gọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àárín àwọn yòókù ni ìyá alákàrà wà, kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé oníṣirò yìí tó sọ ọdún tí yóò lè gbé agbada rẹ̀ kalẹ̀.