Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, wọ́n ti kà ọ́ mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́

Lóṣù kẹjọ, ọdún 2023, owó mọ́tò ti lọ sókè fíofío nítorí owó ìrànwọ́ orí epo tíjọba yọ lóṣù karùn-ún, gàrí àti ìrẹsì ò sì ṣeé sún mọ́ lọ́jà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn jáde láti Àbújá pé àìríṣẹ́ṣe ti dín kù ní Nàìjíríà. Kì í sì í ṣe pé ó dín kù díẹ̀ o. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, 4.1 péré ni kò ríṣẹ́ ṣe láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta ọdún náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà yìí, ìyẹn National Bureau of Statistics tí wọ́n ń pè ní NBS, ni wọ́n sọ pé nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí iye àwọn tọ́rọ̀ náà kàn sì lé ní mílíọ̀nù 23.

Èèyàn wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní bínú? Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti gba dìgírì láti ọdún mẹ́rin, tó ṣì ń sùn nílé, wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe ti kásẹ̀ nílẹ̀! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé irọ́ ni, pé ìjọba ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gba èèyàn mílíọ̀nù ogún síṣẹ́ láàárín ọdún 2020 sí 2023. Ṣùgbọ́n NBS náà ò purọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ni wọ́n yí padà, ìdáhùn náà sì yí padà tẹ̀lé e.

Kò sẹ́ni tó ń ka gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ iye àwọn tí kò níṣẹ́. Ìkànìyàn lásán, èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, ọdún 2006 ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ilé díẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, ní gbogbo ìpínlẹ̀, nílùú ńlá àti lábúlé. Nínú ètò tuntun yìí, agbo ilé 35,520 ni wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ wọn dé láàárín ọdún kan, ìyẹn 8,880 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í mu ìkòkò kan tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó. Tó bá ṣáà ti rò ó pọ̀ dáadáa, ẹnu ìpọnbẹ̀ kan ti tó o tọ́ wò. Ríro pọ̀ yẹn ló ṣòro, nítorí ẹ̀ ni wọn kì í fi í jẹ́ kẹ́ni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ yan ilé tó wù ú. Ilé tí wọ́n bá ti mú láti Àbújá ló gbọ́dọ̀ lọ, ì báà jẹ́ pé ajá ló wà lẹ́nu géètì.

Ìyà ló kọ́ àwọn Amẹ́ríkà lọ́gbọ́n yìí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ láyé ọdún 1930 sí 1939, tí ilé iṣẹ́ ń tì, kò sẹ́ni tó mọ iye èèyàn tí kò níṣẹ́. Kálukú ń dá tiẹ̀ pè. Lọ́dún 1937, ìjọba wọn ní káwọn tó ń pín lẹ́tà gbé káàdì dé gbogbo ilé, kẹ́ni tí kò níṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sí i, kó dá a padà. Wọ́n tún wá ní kí wọ́n lọ káàkiri àwọn ilé kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò kọ nǹkan kan sórí káàdì. Nígbà tó di 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn àwọn ilé tí wọ́n bá mú, lóṣooṣù, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní.

Ní tilẹ̀ yìí, ìfura ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Ká ní ojúlé kan ní Mushin lọ̀rọ̀ bọ́ sí.

“Ẹ kú ilé o, mà. NBS la ti wá. A fẹ́ bi yín nípa iṣẹ́ táwọn ará ilé yìí ń ṣe ni.”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Ẹ fẹ́ gbowó orí, àbí? Bàbá wọn ò sí nílé o.”

“Kì í ṣe owó orí, mà. Ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?”

“Èmi ò níṣẹ́ kankan o, ọmọ mi. Ilé ni mo jókòó sí.”

Bẹ́ẹ̀, tẹ́bù tòmátò wà lẹ́nu ọ̀nà, ata rodo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ kan sì ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Ìyá yìí ò purọ́. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn wa, iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ lóṣù, téèyàn ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ láàárọ̀. Èyí téèyàn fi ń gbọ́ bùkátà jíjẹ mímu, wọn kì í pè é níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà kì í fi í dúró síbẹ̀. Ẹni tó wá bèèrè ọ̀rọ̀ á tún un bi í pé: láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ẹ ṣe ohunkóhun tó mú owó wọlé tàbí tó yẹ kó mú èrè wá, bó tiẹ̀ ṣe wákàtí kan péré? Màmá á ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, tòmátò yìí lẹ ń wí?” Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ọwọ́ wọn pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Àárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́, àmì orí ọ̀rọ̀ kan péré ló wà níbẹ̀, NBS ò sì lè fi ìbéèrè yìí nìkan mọ èyí tó wà nínú ilé náà.

Wákàtí kan yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá. Lọ́dún 1982 làwọn onímọ̀ ìṣirò láti orílẹ̀-èdè káàkiri ayé pàdé ní Geneva, lábẹ́ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, tí wọ́n fẹnu kò sí i. Wọn ò sọ pé wákàtí kan tó o fi bọ́ ọmọ o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tí kò níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní rárá, kí wọ́n wá fi ìṣirò mìíràn ka àwọn tí tiwọn kò tó.

Nàìjíríà ò tẹ̀lé ìyẹn nígbà náà. Kó tó di pé wọ́n tún un ṣe láàárín 2014 sí 2015, ẹni tí kò bá tíì ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́. Ìṣirò yẹn ló gbé 23.9 nínú ọgọ́rùn-ún jáde fún ọdún 2011. Nígbà tí Dókítà Yemi Kale ń darí NBS, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 20. Ẹni tí kò bá ṣe tó 20 ni kò níṣẹ́, ẹni tó ṣe 20 sí 39, iṣẹ́ rẹ̀ kò tó, ẹni tó ṣe 40 sókè ló níṣẹ́ tó pé. Kíá, iye tó jáde fún oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún 2014 di 6.4. Kẹ́ni tó bá rò pé 2023 ni irú ẹ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lọ mú ìyẹn dání.

Ẹni tó fi kóńgò wọn gàrí lánàá, tó wá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n lónìí, kò lè dúró láàárín ọjà kó ní gàrí òun ti yí padà. Kò sẹ́ni tó lè fi 33.3 àti 4.1 wé ara wọn, yálà olóṣèlú tó fẹ́ fi gbéra ga ni o, yálà alátakò tó fẹ́ fi bú u. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ṣeé fi wéra. Láti 2014 títí dópin 2020, wákàtí 20 kan náà ni wọ́n ń lò. Wọ́n fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, 6.4 di 23.1 nígbà tó di oṣù keje sí ìkẹsàn-án ọdún 2018, ó sì di 33.3. Òṣùwọ̀n kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ mọ́, ìyà ni. Lẹ́yìn èyí, ọdún méjì àtààbọ̀ kọjá tí wọn ò gbé nọ́ńbà kankan jáde, àfìgbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí Ọmọọba Adéyẹmí Adéníran ti di ọ̀gá àgbà níbẹ̀, tí Báńkì Àgbáyé àti ILO sì ti ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí ètò tuntun.

Nínú ètò tuntun yìí, kí wọ́n tó kọ ọ́ pé ẹnì kan kò ríṣẹ́, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Kò ní ṣe wákàtí kan pàápàá lọ́sẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ ti wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ti fi sáwàdà sí ilé iṣẹ́ ogójì, tí wọn ò pè é, tó wá jókòó sílé nítorí pé ó ti sú u, tí kò wá mọ́, kò sí lára àwọn tí kò níṣẹ́. Kò sì sí lára àwọn tó níṣẹ́. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ọjà. Bàbá tó ń roko tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ọmọ ilé ẹ̀ nìkan ni iṣu náà ń bá lọ náà ò sí lára àwọn tó níṣẹ́, nítorí láti 2013 ni wọ́n ti ní iṣẹ́ tó jẹ mọ́ owó tàbí èrè nìkan làwọn ń kà. Kí ẹnì kan lọ sọ ìyẹn fún àgbẹ̀ tó ń tọ́jú ebè láti àfẹ̀mọ́júmọ́!

Àwọn kan ní wákàtí kan yìí ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà kéré. Wọ́n gba òtítọ́ apá kan. South Africa náà ń lo wákàtí kan, lóṣù kìn-ín-ní sí ìkẹta ọdún 2023 tí Nàìjíríà ní 4.1, tiwọn jẹ́ 32.9. Kì í wá ṣe pé ọmọ Nàìjíríà rí jẹ jù wọ́n lọ. Lọ́hùn-ún, ìjọba ń fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní owó díẹ̀ lóṣooṣù, ọjà kéékèèké lẹ́bàá títì kò sì pọ̀ bíi tibí. Nílẹ̀ yìí, ẹni tí kò bá jáde láàárọ̀, ebi ló máa pa á lálẹ́. Ó di dandan kó wá omi tútù tà, kó gun ọ̀kadà, kó máa ta káàdì fóònù. Òtòṣì ò lówó tó máa fi jókòó dèṣẹ́. Ẹ wo ti oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún 2023: 4.2 ni gbogbo gbòò, ó jẹ́ 5.9 nílùú ńlá, ó sì jẹ́ 8.0 láàárín àwọn tó kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn tó ní bàbá àti ẹ̀gbọ́n tó ń bọ́ wọn ló lè dúró de iṣẹ́ tó wù wọ́n.

Nítorí náà, ojú tí wọ́n fi ń wo nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ló kù díẹ̀ káàtó. Ìwé kan náà tó gbé 4.3 jáde fún oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún 2024 ló sọ pé 85.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ara wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, tí àwọn tí wọ́n ń sanwó oṣù fún kò ju 14.4 lọ. Ó ní 93.0 ló wà nínú iṣẹ́ tí kò níwèé, tí kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, tí kò sí ìsinmi àìsàn, tó jẹ́ pé ọjọ́ téèyàn bá ṣubú ni oúnjẹ tán. Nínú ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tó bí àwọn èèyàn nínú, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó níṣẹ́ ni kò ṣe tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún sì sọ lẹ́nu ara wọn pé àwọn fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ò rí i ṣe ni. Inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé wọn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn.

Ìdáhùn tó wà nínú gbogbo ẹ̀, ẹnu àwọn ará ilé ló ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹni kan ń dáhùn fún gbogbo ilé, tí ìyá ń sọ pé “akẹ́kọ̀ọ́ ni” nípa ọmọ tó ti parí ìwé tipẹ́, tàbí tí ọkọ ń sọ pé “ìyàwó mi ò ṣe nǹkan kan” nípa obìnrin tó ń dín àkàrà láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tí wọ́n bá kàn ilé ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wọn kó tó ṣílẹ̀kùn. Òfin tó dá NBS sílẹ̀ lọ́dún 2007 ò gbà kí wọ́n tú àṣírí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ká má fi iye wákàtí pamọ́, ká sì má fi kún un. Ibi tí wọ́n bá ti bèèrè pé ṣé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ jù báyìí lọ, ìyá olótòmátò lè sọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní àyè kan nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí.