Ẹni Tó Fẹ́ Ra Àpò Ìbàdí, Ẹrù Ni Kó Kọ́kọ́ Wò

Kò sí òkè ní Muṣin. Kò sí ní Yábàá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Sùúrùlérè. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tó ní eyín ńláńlá, èyí tí wọ́n ṣe fún àpáta àti ọ̀nà igbó, kò wọ́n láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó. Ẹni tó rà á kò fowó ṣòfò. Kòtò ojú títì àti bọ́m̀pù tí olúkúlùkù ń fi símẹ́ǹtì mọ síwájú ilé rẹ̀ tó nǹkan tí èèyàn ń wá táyà ńlá sí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè àti Lagos Mainland, tí Muṣin náà sì bọ́ sínú òfin yẹn ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, kẹ̀kẹ́ tún ní àyè tirẹ̀ nínú ìrìn tí kò jìn, yálà èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́ ni, tàbí ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ẹrù ló kù. Fóònù, owó, kọ́kọ́rọ́ ilé, omi, sípánà: níbo ni wọn yóò wà? Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, àpò ṣòkòtò ń ti fóònù jáde díẹ̀díẹ̀. Báàgì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ń mú kí òógùn rin ẹ̀wù gbindin kí onítọ̀hún tó dé Ojúẹlẹ́gba, ó sì ń gbé ìwúwo sókè síbi èjìká, níbi tó ti lè fa èèyàn ṣubú bó bá ń yà fún kòtò. Èyí ló mú kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn àpò ìbàdí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní wéésì báàgì. Ìsàlẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí ẹ̀yìn ẹni tó so ó.

Kì í ṣe nǹkan àná. Àwọn ìyálọ́jà Téjúoṣó àti Òyìngbò ti ń so irú rẹ̀ mọ́ ìdí kó owó ọjà sí tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1991, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan tí yìnyín gbé pamọ́ lórí àwọn òkè Alps, lágbègbè ààlà Italy àti Austria. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún ó lé ọ̀ọ́dúnrún tó ti kú. Ó ní àpò kékeré lára ìgbànú rẹ̀. Òkúta mímú, ohun ìlu-nǹkan àti olú gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná ni wọ́n bá níbẹ̀. Ohun tó máa lò ló kó dání, kò kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àpò lónìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ àti àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo bí ilé iṣẹ́ CamelBak, tó ń ṣe àpò olómi, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1989, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, Michael Eidson, fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú Wichita Falls ní Texas, nínú eré ọgọ́rùn-ún máìlì tí wọ́n ń sá nínú ooru oṣù kẹjọ. Ó bu omi sínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń fa omi síni lára nílé ìwòsàn, ó ki ọ̀rá náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fa rọ́bà rẹ̀ gba orí èjìká wá síwájú, kó lè máa mu omi láìdúró. Àìní ló kọ́kọ́ rí kó tó ronú kan àpò. Nígbà tó yá ni irú àpò olómi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká wá sí ìbàdí, òmíràn sì ń gba lítà omi kan àti ààbọ̀.

Ṣé ará Yábàá nílò lítà kan àti ààbọ̀? Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó ń lọ láti Sùúrùlérè sí Akọkà yóò kọjá lára ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní oríta lẹ́yìn oríta, nítorí náà kí ló ń gbé kànga kiri fún? Àpò tó gba fóònù, owó, kọ́kọ́rọ́, túùbù kan àti irinṣẹ́ díẹ̀ tó o. Èyí tó tóbi wà fún ẹni tó fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí agbègbè Ìdànrè tàbí àwọn ọ̀nà igbó Èkìtì, níbi tí omi títà ti jìnnà sí ojú ọ̀nà. Àpò ńlá sì ní àrùn kan: àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀, èèyàn yóò wá nǹkan kún un ṣáá ni.

Lára irinṣẹ́ yẹn, ọ̀kan wà tí kò tóbi ju èékánná lọ tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Oríṣi ẹnu túùbù méjì ló gbòde jù lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Àkọ́kọ́ nípọn bíi ti mọ́tò, fọkanáísà èyíkéyìí sì lè fẹ́ ẹ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Presta, tín-ín-rín ni, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú díẹ̀ kí atẹ́gùn tó wọlé. Ẹnu ẹ̀rọ fọkanáísà kì í mú un. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò ní Ìdí-Òrò, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ oníPresta, lè rí fọkanáísà mẹ́ta láàárín òpópónà kan, kó sì tún fẹsẹ̀ rìn délé. Idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ọn lórí tó ń sọ ọ́ di ti mọ́tò. Kò wọ́n, kò wúwo, inú àpò ìbàdí ló yẹ kó máa gbé. Kí túùbù tí wọ́n fẹ́ mú dání náà bá táyà mu: 26, 27.5 tàbí 29 ni nọ́ńbà tó sábà máa ń wà lára táyà irú kẹ̀kẹ́ yìí.

Tí èèyàn bá ti ka ẹrù rẹ̀ tán, kó dì í lọ sọ́jà. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò tó fẹ́ rà níṣojú ẹni tó ń tà á, kí ó so ó mọ́ eegun ìbàdí gan-an, kì í ṣe mọ́ ikùn. Kí ó wá tẹ̀ síwájú bí ẹni di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ó lóṣòó, kí ó fò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń tà á lè rẹ́rìn-ín, kò burú. Àpò tó bá yí wá síwájú tàbí tó ń lu ìdí, kí ó dá a padà. Òfìfo àpò kì í fi ìwà rẹ̀ hàn. Ẹrù ní ń tú u fó. Èyí tó dára máa ń ní ìgbànú tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, okùn tí wọ́n fi ń fún ẹrù pọ̀ mọ́ra, àti ẹ̀yìn tó ní àwọ̀n tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

Ní ti àwọn tó ń wá a nínú ọjà òkìríkà Yábàá, ojú ni wọ́n ń fi ra ọjà níbẹ̀. Kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpò àtijọ́ ni ọ̀dà tí kò jẹ́ kí omi wọlé ti jẹrà nínú rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin bíi Èkó. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí kó máa bó wẹ́wẹ́. Irú bẹ́ẹ̀ kò ní gba fóònù lọ́wọ́ òjò oṣù kẹfà. Kí wọ́n fa síìpù lọ, fà á bọ̀, kí wọ́n sì so ìdè rẹ̀, tú u, so ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni tí kò bá rí èyí tó wù ú lè ní kí wọ́n rán an. Muṣin kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ báàgì àti bàtà. Mátòrí níbẹ̀ náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ibùdó iṣẹ́ awọ sí. Awọ gidi lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń mu òógùn. Kánfáásì tàbí náílọ́ọ̀nù tó nípọn ló bá kẹ̀kẹ́ mu. Kí síìpù àyè tí fóònù ń gbé kọjú sí ara ẹni tó so ó, kó má kọjú síta. Ní gosíló Ojúẹlẹ́gba, ẹni tó bá dúró, kó yí àpò náà wá síwájú kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó bá a débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń to ẹrù sínú rẹ̀ náà lọ́nà. Sípánà àti pọ́ǹpù kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀pá ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá fẹ̀yìn balẹ̀ yóò fi eegun ẹ̀yìn gba irin. Aṣọ òjò tàbí túùbù tí wọ́n ká ni kó wà láàárín irin àti ara.

Ti ìrìn òbí àti ọmọ ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹni tó bá gbé ọmọ sórí àga kékeré tí wọ́n dè sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, iwájú ọmọ náà gan-an ni ẹ̀yìn onítọ̀hún wà. Gbogbo bọ́m̀pù tí wọ́n bá gùn, àpò ìbàdí ni yóò máa kan ọmọ lójú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá so ó síwájú kó sì fúyẹ́ gan-an, tàbí kí ẹlòmíràn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gbé e. Ọmọ tó ti ń dá gun kẹ̀kẹ́ kò nílò ju háńkáṣíìfù àti bisikíìtì lọ nínú tirẹ̀. Omi àti irinṣẹ́ wà lọ́dọ̀ àgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wọn, tó ń rí gbogbo wọn. Inú àpò àgbà náà ni páálí kékeré kan yóò wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà ẹni kan nílé sí, nítorí fóònù tó wà ní títì kò lè sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ ibi tí yóò pè. Kí wọ́n kọ 767 àti 112 sísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀fẹ́ sì ni pípè wọn.